Afìdímúlẹ̀ àti Ìkòkò Òkúta

Bẹ́ ẹ bá rí obìnrin kan tó ń fẹ̀yìn rìn nínú ọgbà olówó, tó di ojú kan, tó fi ìka ọwọ́ méjèèjì ṣe bíi fèrèsé síwájú ojú kejì, ẹ má sá o. Orí ẹ̀ ò dàrú. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Afìdímúlẹ̀ nìyẹn.

Orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé kan tí ikán ti jẹ ìdajì ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Afìdímúlẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí iṣẹ́ ẹ̀ ni kó fi ìdí nǹkan múlẹ̀. Kì í ṣe ilé, kì í ṣe igi. Ère òkúta tí imú ẹ̀ ti ké, ọpọ́n òkúta táwọn ẹyẹ ń wẹ̀ nínú ẹ̀, kìnnìún òkúta tí etí ẹ̀ kan ti jábọ́, agbada irin tí ìpẹtà ti jẹ létí, gbogbo ẹrù àtijọ́ táwọn olówó ń rà sínú ọgbà kójú wọn lè rí nǹkan wò. Tálákà ń lé ẹrù àtijọ́ jáde nílé, olówó ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e wọlé. Ayé yìí, téèyàn bá ní kó máa ya òun lẹ́nu, ẹnu ò ní í pa dé.

Tí Afìdímúlẹ̀ bá gbé nǹkan kalẹ̀, á dà bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ohun tó mọ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ojú èèyàn dà bí àlejò. Tó bá wọlé tí wọn ò fún un ní àga, á kàn máa rìn kiri ni, kò sì ní í pẹ́ tó máa ní òun ń lọ. "Ẹ fún ojú ní àga," ló máa ń sọ fáwọn onílé. "Ẹyọ kan péré. Tẹ́ ẹ bá to mẹ́wàá síbẹ̀, ẹ ò ṣe ọgbà mọ́ nìyẹn, ìsọ̀ lẹ pa."

Kò pẹ́ nílé ìwé. Kànga ni bàbá ẹ̀ ń gbẹ́, lẹ́yìn bàbá yẹn ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀ fún ilẹ̀. Bàbá náà á fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ gbì, gbì, gbì, á wá dúró. "Ilẹ̀ gidi máa ń dákẹ́," ló máa ń sọ. "Ilẹ̀ tó bá dá ẹ lóhùn, má gbára lé e. Inú ẹ̀ ò mọ́."

Ọmọ ìyá méjì péré ni wọ́n. Nígbà tí ìyá wọn kú, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ò tíì lè dá fọ imú ara ẹ̀, òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ọmọ náà wá ga, ó ga, ó kọ̀ kò dúró. Agùntáṣọọ́lò làwọn èèyàn ń pè é. Ilẹ̀kùn wo ló fẹ́ wọ̀ tí kò ní í tẹrí ba? Àwọn tí ò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń kí àwọn ni, wọ́n á máa dá a lóhùn pé, "Ó ṣeun, ọmọ dáadáa."

Gíga yẹn ló wá di irinṣẹ́. Kí Afìdímúlẹ̀ tó jẹ́ kí wọ́n gbé òkúta kankan, àbúrò ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fi ṣe òkúta. Agùntáṣọọ́lò á lọ dúró sínú koríko, á gbé korobá lérí kó lè tó ìwọ̀n nǹkan tí wọ́n fẹ́ gbé síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á wọ pálọ̀ onílé lọ, á jókòó sórí àga tí onílé máa ń jókòó sí, á máa pariwo láti ojú fèrèsé.

"Sún sọ́tùn-ún! Ọ̀tún tìẹ kọ́, ọ̀tún tèmi!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, imú ń yún mi o!"

"Ìgbà wo lo rí ìkòkò tó ń họ imú? Dúró jẹ́ẹ́!"

Àwọn ọmọ onílé á máa rẹ́rìn-ín. Òun náà á máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ korobá. Àmọ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá ti dákẹ́, tí kò pariwo mọ́, á mọ̀ pé ojú ti rí àga. Á fi gìgísẹ̀ sàmì síbẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ta ẹrù náà fáwọn onílé, Bàbá Àtijọ́ ni wọ́n ń pè é, ó sì ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi dírìlì lu ẹrù òun. Ihò tuntun lára nǹkan àtijọ́, àbùkù ni. Torí ẹ̀, kò sí irin kankan tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀. Ìwúwo nìkan ló ń di gbogbo ẹ̀ mú. Tí ilẹ̀ bá ti dúró, òkúta á dúró. Tí ilẹ̀ bá yẹ̀, ó parí. Ogún ọdún ni Afìdímúlẹ̀ fi ń ṣe é, ilẹ̀ ò yẹ̀ rí.

Iṣẹ́ Màmá Ojú Fèrèsé ló wá dé.

Màmá yìí, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọkọ wọn ti kú, orúnkún wọn méjèèjì ti kọṣẹ́. Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, ojú fèrèsé pálọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń wo ọgbà tí ò ní nǹkan kan ju koríko, igi mángòrò kan àti ògiri lọ.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí fún Afìdímúlẹ̀, "mo ti mọ iye búlọ́ọ̀kù tó wà lára ògiri yẹn. Mo ti fún àwọn míì lórúkọ. Bá mi wá nǹkan tí ojú mi á máa bá ṣeré kí n tó lọ."

Ohun tí wọ́n rí rà lọ́wọ́ Bàbá Àtijọ́ ni ìkòkò òkúta kan tó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Wọ́n ní iwájú ilé ẹjọ́ kan ló wà kí wọ́n tó wó ilé ẹjọ́ náà. Wọ́n gbẹ́ ewé àti èso yí i ká, etí ẹ̀ kan ti ṣá, ewédò ti bò ó lápá kan. Ó tún ní òpó tiẹ̀ tó ń jókòó lé, òpó òkúta tó dé àyà géńdé. Ọkùnrin mẹ́fà, igi mẹ́ta àti ṣéènì ló gbé e sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀.

Afìdímúlẹ̀ jókòó sórí àga Màmá. Agùntáṣọọ́lò gbé korobá lérí. Ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn díẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ojú ti rí àga. Ibẹ̀ ni oòrùn àárọ̀ ń gbà kọjá lábẹ́ ẹ̀ka mángòrò, téèyàn bá sì jókòó sí fèrèsé, kò síbòmíì tí ojú tún fẹ́ lọ.

Ó ń jáde bọ̀ ni àgbàlagbà tó ń tọ́jú ọgbà náà fọwọ́ pè é sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ omi. Bàbá Olódòdó ni wọ́n ń pe ìyẹn.

"Ibi tó o sàmì sí yẹn kọ́ o."

"Kí ló ṣe é, Bàbá?"

"Ṣáláńgá ni. Kí wọ́n tó kọ́ ilé yìí tán, ibẹ̀ làwọn bíríkìlà ń yàgbẹ́ sí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n da pàǹtí sí i, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Èmi ni mo gbin koríko sórí ẹ̀. Màmá ò mọ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún wọn?"

"Kí n lọ bá olùkọ́ àgbà, kí n ní ibi tí wọ́n ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìgbẹ́ bíríkìlà ló wà níbẹ̀? Ṣé ogun ń lé mi ni? Ìwọ tí ọ̀rọ̀ kàn ni mo sọ fún. Sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà péré."

Ó gbìyànjú ẹ̀, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí àbúrò ẹ̀ sún lọ síbẹ̀, òun náà pa dà sórí àga. Ìdí igi mángòrò wá gé Agùntáṣọọ́lò sí méjì, èjìká kan lọ́tùn-ún, èjìká kan lósì, bí aṣọ tí wọ́n sá sórí òpó. Kò dáa. Ó ní kó pa dà síbi àkọ́kọ́.

Ó jáde síta, ó fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ náà. Gbì, gbì, gbì. Ilẹ̀ sì dá a lóhùn, ohùn kékeré kan láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó wà nínú yàrá tó ní, "Hùn-ùn?"

Ó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní kò gbọ́ ọ, kò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní nínú ara ẹ̀ pé, ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti dí i, ohun tó máa rì ti rì. Ó ní òun á gbẹ́ ẹ jìn, òun á da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí i, òun á da kọnkéré lé e. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ ẹ̀: ìgbéraga ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń dùn mọ́ ọn. Kò fẹ́ kí ṣáláńgá kan lásán sọ fóun ibi tójú máa jókòó sí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ dé ìbàdí Agùntáṣọọ́lò, tí ìbàdí tiẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọrùn ẹlòmíì, ó gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tá a fi ń gbẹ́ jìn báyìí lónìí? Ṣé a fẹ́ sin èèyàn ni?"

"Gbẹ́, jẹ́ n gbọ́ràn. Eléyìí wúwo ju tàtẹ̀yìnwá lọ ni."

Irọ́. Irọ́ kékeré tí ò wúwo lẹ́nu.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ìkòkò náà kalẹ̀, oòrùn gba abẹ́ ẹ̀ka wá, ó tàn sára ewé òkúta yẹn, Màmá sì bú sẹ́kún lójú fèrèsé. Wọ́n ní, "Ó ń wò mí, àbí èmi ni mò ń wò ó?" Afìdímúlẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Bàbá Olódòdó gbé agé omi ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Òjò wá bẹ̀rẹ̀, òjò tó ń rọ̀ bíi pé wọ́n jẹ ẹ́ níyà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó dáwọ́ dúró díẹ̀, Afìdímúlẹ̀ àti àbúrò ẹ̀ wà ní ilé ìkẹ́rù Bàbá Àtijọ́, wọ́n ń yẹ ère kan wò, ni fóònù dún. Bàbá Olódòdó ni.

"Ìkòkò yẹn ti ń wolẹ̀ o. Ó ti tẹ̀. Mo ti ní kẹ́nikẹ́ni má dé ibẹ̀."

Afìdímúlẹ̀ pa fóònù. Bàbá Àtijọ́ dúró tì í, etí ẹ̀ bíi ti ológbò. Tó bá sọ ọ́ jáde níbẹ̀ pé ilẹ̀ ò dáa, pé òun mọ̀ pé kò dáa, ta ló tún máa pè é síṣẹ́? Ó yíjú sí àbúrò ẹ̀.

"Ìkòkò Màmá ló tẹ̀ díẹ̀. Lọ bá mi fi igi mẹ́ta tì í nídìí. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí kò sọ. Ì bá ní, "Má sún mọ́ ọn, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò fìdí múlẹ̀." Ó wà lórí ahọ́n ẹ̀. Ó gbé e mì.

Agùntáṣọọ́lò gun ọ̀kadà, ó lọ. Bàbá Olódòdó ní kó má wọbẹ̀, ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ mi ni." Ó ti igi àkọ́kọ́, ó dúró. Ó ń ti ìkejì lọ́wọ́ ni ilẹ̀ lanu. Kọnkéré fọ́ sí méjì, òpó yẹ̀, ìkòkò ọgọ́rùn-ún ọdún kúrò lórí ẹ̀, ó bọ́ sórí itan Agùntáṣọọ́lò níbi tí òun náà ti ṣubú sí.

Nígbà tí Afìdímúlẹ̀ dé, wọ́n ti gbé e lọ. Fìlà ẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Màmá ń pariwo lójú fèrèsé, wọn ò lè dìde, wọ́n kàn ń pe orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé ní ìkọ̀ọ̀kan.

Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lókè orúnkún. Egungun ìbàdí ẹ̀ ti fọ́ síbi méjì.

Wọ́ọ̀dù náà ní ibùsùn méjìlá, fáànù kan tó ń ké bí ọmọ eku, àti òórùn oògùn ìfọlẹ̀ tó ń lọ bá èèyàn délé. Ibùsùn ò gba gíga Agùntáṣọọ́lò. Wọ́n fi àpótí kan sídìí ẹ̀ fún ẹsẹ̀ kan tó kù. Nígbà tí ojú ẹ̀ walẹ̀, tó rí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí ìjókòó, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo ba iṣẹ́ yín jẹ́. Igi kejì yẹn ni mo tì lágbára jù."

Ẹ gbọ́ nǹkan tí Afìdímúlẹ̀ sọ. "Sinmi, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ òkúta kọ́ ló kàn."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ kan di méjì, méjì di ọ̀sẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú ọmọ tó pọ̀n, ojoojúmọ́ lọmọ náà ń tọrọ àforíjì. Òótọ́ máa ń wá síwájú eyín Afìdímúlẹ̀, á pa dà.

Ìyàwó Agùntáṣọọ́lò, télọ̀ ni, ẹnu ẹ̀ sì mú bí sísọ́ọ̀sì ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ má dá a lẹ́bi, ẹlòmíì tẹ́rù bá ń bà á sunkún, ti ẹlòmíì á di èébú.

"Alágbára má mèrò!" ló máa ń wí tó bá ń tẹ́ ibùsùn. "Mo ti sọ fún un títí. Máa dúró de ẹ̀gbọ́n ẹ. Rárá o, àfi kó ṣe é tán kí wọ́n tó dé. Ó fẹ́ gba oríyìn. Ẹ wo oríyìn!"

"Ó tó, ìyá àwọn ọmọ," lọkọ ẹ̀ á wí jẹ́jẹ́.

Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún méjìlá, tẹjú mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ yẹ kó wà, ó ní, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò fara balẹ̀?"

Agùntáṣọọ́lò kọjú sí ògiri. Afìdímúlẹ̀ dìde, ó ní òun fẹ́ lọ pọnmi. Omi wà nínú ike.

Bàbá Àtijọ́ wá kí wọn lọ́jọ́ kan pẹ̀lú búrẹ́dì ńlá. Afìdímúlẹ̀ sìn ín dé kọ́rídọ̀. Ó ní, "Bàbá, nǹkan kan wà nípa ilẹ̀ yẹn..."

"Má sọ ọ́ sí mi létí." Bàbá Àtijọ́ ti gbọ́wọ́ sókè. "Ohun tí mi ò bá gbọ́, wọn ò ní í pè mí wá jẹ́rìí ẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ló máa hù ú? Ẹnu kan náà lo fi ń jẹun o. Tọ́jú ẹ̀."

Ó rò ó, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ọ̀rọ̀ burúkú máa ń bọ́gbọ́n mu.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Agùntáṣọọ́lò ní ọkàn òun ò balẹ̀. Ó ní nǹkan àtijọ́ tí òun fọ́ yẹn, ìyá arúgbó tí ò nílé méjì, tí ò lọ́nà méjì, ìyẹn nìkan ló ń wò. Ó ní kí ìyàwó òun lọ bá òun kúnlẹ̀ bẹ Màmá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú un lọ."

Wọ́n lọ. Ihò náà ṣì wà nínú ọgbà, wọ́n fi páànù bò ó. Àfọ́kù ìkòkò wà lábẹ́ mángòrò, bí eyín tí wọ́n yọ. Ìyàwó yẹn, ẹlẹ́nu mímú yẹn, ó wọ pálọ̀, ó kúnlẹ̀ sórí táìlì, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé tó ṣẹ̀.

"Màmá, ọkọ mi ní kí n bẹ̀ yín. Àìfarabalẹ̀ ẹ̀ ló fà á. Ẹ dárí jì í."

"Dìde, ọmọ mi. Dìde." Ojú Màmá ti kún. "Ìkòkò kọ́ ni mò ń sunkún ẹ̀. Ó kàn ń jọ mí lójú ni. Nǹkan tó ti dúró láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, kó ṣàdédé ṣubú? Àfi tí ọwọ́ bá tì í náà." Wọ́n wá yíjú sí Afìdímúlẹ̀. "Àbí, ìwọ tó o mọ iṣẹ́?"

Bàbá Olódòdó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi fìlà sí àyà. Afìdímúlẹ̀ wo táìlì, ó wo orúnkún ìyàwó àbúrò ẹ̀ lórí ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ló wí.

Níta, Bàbá Olódòdó rìn bá a títí dé ẹnu géètì. Ìyàwó ti lọ síwájú, ó ń wá ọkọ̀.

"Mo gbọ́ ọ tó o ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá, ẹ̀yin náà dákẹ́."

"Mo dákẹ́, mi ò sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọ ìyá ẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ṣí wọ́ọ̀dù fáwọn tó ń kí aláìsàn, Afìdímúlẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Àbúrò ẹ̀ ń ki búrẹ́dì bọ tíì. Kò jẹ́ kó kí òun tán. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, gbogbo ẹ̀, bí ẹni tó ń bì: ṣáláńgá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, gìgísẹ̀, ohùn tí ilẹ̀ fi dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ tó gbé mì ní ilé ìkẹ́rù.

Agùntáṣọọ́lò rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ yín. Ẹ fẹ́ gbé e rù kó lè fúyẹ́ lọ́rùn mi. Ẹ má purọ́ torí mi."

Ẹ ò rí nǹkan? Ó purọ́, wọ́n gbà á gbọ́. Ó sòótọ́, wọ́n ní àánú ló ń ṣe é.

"Rántí bá a ṣe gbẹ́ ẹ jìn tó," ló wí. "O bi mí bóyá a fẹ́ sin èèyàn. Ìgbà wo la gbẹ́ ilẹ̀ dé ìbàdí ẹ rí, láti ọjọ́ tá a ti ń ṣiṣẹ́?"

Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ fúngbà díẹ̀, bí iná tí wọ́n gbàgbé láti pa. Lẹ́yìn náà ó gbé kọ́ọ̀bù tíì sílẹ̀. Ó rọra gbé e, kò jẹ́ kó dà.

"Aago mẹ́rin nìyàwó mi ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ," ló wí. "Ẹ jókòó. Ẹ máa sọ ọ́ níṣojú wọn."

Aago mọ́kànlá àárọ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì wá, ó pààrọ̀ báńdéèjì, ó lọ. Ẹni tó wà ní ibùsùn kejì sọ àwàdà kan, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí i. Títí aago mẹ́rin fi lù, Agùntáṣọọ́lò ò kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń wò, bí Màmá ṣe máa ń wo ọgbà.

Wọ́n dé. Ó tún un sọ. Ti ìgbà kejì nira ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ọmọ náà ń bi í ní ìbéèrè. "Ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú etí yín?" "Mo gbọ́ ọ." "Kí Bàbá tó lọ?" "Kó tó lọ."

Ìyàwó yẹn tí gbogbo wọ́ọ̀dù mọ ẹnu ẹ̀, wọ́n ń retí kó gbóhùn sókè. Kò gbé e sókè.

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n kúnlẹ̀," ló wí. "Ẹ dúró, ẹ ń wò mí, ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀."

Ọmọbìnrin náà lọ fi orí lé apá bàbá ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ." Ìgbà yẹn ni Agùntáṣọọ́lò tó sunkún.

Láti ibẹ̀, Afìdímúlẹ̀ lọ sọ fún Màmá. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí Bàbá Olódòdó bá àwọn yí àga pa dà, kó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Bàbá Àtijọ́ ní tiẹ̀ ò pè é mọ́. Ẹni tó bá lu ilẹ̀ tó gbọ́ ohùn tó sì gbé òkúta lé e, wọn kì í pè é lẹ́ẹ̀mejì nínú iṣẹ́ yẹn, wọn ò sì ṣẹ̀ ẹ́. Ó wá ń fọ ilẹ̀ nílé ìwé kan báyìí.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló dùn ún. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó jáde, wọ́n ti ṣètò pé tí Agùntáṣọọ́lò bá kúrò ní ọsibítù, ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló máa gbé, torí ìsàlẹ̀ ni yàrá ẹ̀ wà, ilé tòun àti ìyàwó ẹ̀ sì wà ní àjà kẹta. Afìdímúlẹ̀ ti palẹ̀ yàrá iwájú mọ́. Ó ti fi pákó fa ibùsùn gùn kó lè gba gíga ẹ̀. Ó ti kan irin sára ògiri ilé ìwẹ̀ tó máa fi dìde.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ, ó dúró dè é níwájú ilé, ó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ọkọ̀ náà kọjá lọ. Arákùnrin ìyàwó ẹ̀ ló pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta. Àwọn tó rí i ní ẹsẹ̀ kan tó kù ń wọ́ lórí àtẹ̀gùn torí gíga ẹ̀. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ó ṣe, Afìdímúlẹ̀ gun àtẹ̀gùn yẹn lọ. Ìyàwó ṣílẹ̀kùn, ó kí i, ó fún un lómi, ó pa dà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀. Agùntáṣọọ́lò wà lórí àga, ó ń bá ìyàwó ẹ̀ to bọ́tìnì.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ló wí.

Wọ́n sọ̀rọ̀ oòrùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ ilé ìwé àwọn ọmọ. Nígbà tó dìde láti máa lọ, ó ní, "Àbúrò mi, kí ni kí n bá ẹ mú wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Agùntáṣọọ́lò gbé bọ́tìnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

"Ká ní ẹ sọ fún mi pé ilẹ̀ ò dáa, n bá ṣì lọ," ló wí. "N bá kàn lo igi tó gùn, kí n dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyẹn náà ni mò ń rò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ máa wá, àwọn ọmọ ń retí yín. Ṣùgbọ́n ẹ má pè mí ní àbúrò yín ná. Fún ìgbà díẹ̀."

Afìdímúlẹ̀ ní, "Ó dáa."

Ó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá débẹ̀, "Bàbá àwọn ọmọ" ló ń pè é, bí ará àdúgbò. Ọdún kẹta rèé, Agùntáṣọọ́lò ò tíì sọ fún un pé ìgbà díẹ̀ náà ti pé.